Ọkọ̀ wo ló yẹ kí ìdílé wọ̀ ní Disney World? Ohun tó ṣì jẹ́ òótọ́ àti ohun tó ti di ìtàn

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹ ti rí físà gbà, ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sì ti gbéra. Ẹ gba London kọjá, ẹ balẹ̀ sí Orlando ní ìpínlẹ̀ Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọmọ kan ti sùn sórí ẹrù, àpótí mẹ́rin wà nílẹ̀, ìyá àgbà ń bèèrè ibi tí ilé ìtọ̀ wà. Bàbá àwọn ọmọ ń wá bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ kan kiri, èyí tí ó rí nínú fídíò lórí YouTube pé yóò gbé wọn dé hòtẹ́ẹ̀lì Disney láìgba kọ́bọ̀. Ó wá a títí, kò rí i. Kò sì lè rí i, nítorí pé bọ́ọ̀sì náà ti kógbá sílé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ fún un. Òótọ́ ni fídíò náà nígbà tí wọ́n gbé e jáde; ọjọ́ ló lọ lórí rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló máa ń kó ìdílé tó ń lọ sí Disney World sí wàhálà jù: iye owó àtijọ́, ètò tí wọ́n ti pa rẹ́, àti òfin tí wọ́n ka ìdajì rẹ̀ tí wọ́n fi ìdajì sílẹ̀. Èyí tó kàn àga ọmọdé nínú ọkọ̀ ló le jù nínú wọn, nítorí pé kì í ṣe owó nìkan ló wà nídìí rẹ̀. Nínú àlàyé yìí, a fi àwọn ọkọ̀ tí ìdílé lè dá wọ̀ wé ara wọn, a sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń gbọ́ nípa wọn ti bá òótọ́ mu àti ibi tí kò ti bá a mu.

Kí àlàyé náà má baà fò lókè, a ó lo ìdílé kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bàbá, ìyá, ìyá àgbà, àti ọmọ mẹ́ta. Àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún méje, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún kan àbọ̀. Ènìyàn mẹ́fà, àpótí mẹ́rin, àti kẹ̀kẹ́ ọmọ kan.

Ṣé ẹ tiẹ̀ nílò ọkọ̀ àdáni?

Disney World kì í ṣe ọgbà kan ṣoṣo bí ọgbà ìgbafẹ́ tí a mọ̀ nílé. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1971 ni wọ́n ṣí i, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bí éékà 25,000. Ọgbà ńlá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: Magic Kingdom, EPCOT, Hollywood Studios àti Animal Kingdom, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, adágún omi, àti àwọn títì ńlá tó gba àárín wọn kọjá. Ẹni tó bá rò pé òun á fẹsẹ̀ rìn láti Magic Kingdom dé Animal Kingdom pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Pápákọ̀ òfuurufú Orlando náà kò sí nítòsí. Ó tó nǹkan bí ogún máìlì sí ibẹ̀, ìrìn bí ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú, bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ kò bá sí lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n nínú ilẹ̀ Disney fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì wà, ọkọ̀ ojú omi wà, Monorail, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn lókè lórí ọ̀pó, wà láti ọdún 1971, àwọn yàrá kékeré tí wáyà ń gbé kọjá lójú òfuurufú, tí wọ́n ń pè ní Skyliner, sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó wọ̀ wọ́n. Nítorí náà, bí ẹ bá gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì Disney, tí ẹ kò sì kánjú, ẹ lè lo gbogbo ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò níbẹ̀ láìwọ ọkọ̀ àdáni ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ: ọjọ́ tí ẹ dé àti ọjọ́ tí ẹ ń padà.

Ọ̀rọ̀ yí padà bí hòtẹ́ẹ̀lì yín bá wà níta ilẹ̀ Disney, tàbí bí ẹ bá fẹ́ lọ láti hòtẹ́ẹ̀lì Disney kan sí òmíràn fún oúnjẹ. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ kì í lọ tààrà láti hòtẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì. Ẹ ní láti kọ́kọ́ lọ sí ọgbà kan, kí ẹ tún wọ bọ́ọ̀sì míì níbẹ̀. Lálẹ́ náà ńkọ́, nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn sí èjìká, tí ìlà bọ́ọ̀sì sì gùn bí ìlà epo? Ibi tí ọkọ̀ àdáni ti wúlò nìyẹn.

Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ láti pápákọ̀ òfuurufú: kò sí mọ́

Disney's Magical Express ni orúkọ bọ́ọ̀sì tí bàbá àwọn ọmọ ń wá. Láti ọdún 2005 ló ti ń kó àwọn tó gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì Disney lọ, tó sì ń kó wọn bọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, Disney kéde pé ẹni tó bá máa dé láti ọjọ́ kìíní ọdún 2022 kò ní rí i wọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí.

Ilé-iṣẹ́ Mears, tó ń bá Disney wa àwọn bọ́ọ̀sì náà, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ó pè é ní Mears Connect, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń gbà. Òmíràn tó ń jẹ́ Sunshine Flyer náà jáde. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì pa pọ̀. Nígbà tí Mears Connect bẹ̀rẹ̀ ní 2022, dọ́là 16 ni àgbà kan ń san fún àlọ nìkan. Ẹ fi í lu ìdílé wa: àgbà mẹ́ta ti di dọ́là 48 kí á tó ka ọmọ kankan, bọ́ọ̀sì náà yóò sì dúró ní hòtẹ́ẹ̀lì àwọn ẹlòmíràn kó tó kan yín. Fún tọkọtaya tí kò gbé ọmọ dání, ó dára. Fún ènìyàn mẹ́fà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye tí ọkọ̀ àdáni kan yóò gbà kí ẹ tó pinnu.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé ọkọ̀ ojú irin ti wà láti Miami dé Disney. Kò rí bẹ́ẹ̀. Brightline, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Miami sí Orlando ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, pápákọ̀ òfuurufú Orlando ló ń já sí. Ẹ ó ṣì tún wá ọkọ̀ níbẹ̀.

“Ọkọ̀ háyà ni, ọmọ kò nílò àga”: ìdajì òótọ́

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ l'Ékòó àti n'Ìbàdàn, orí itan ìyá ni ọmọ ń jókòó sí. Àwọn tó ti pẹ́ ní Florida náà á sì máa fi yín lọ́kàn balẹ̀ pé òfin àga ọmọdé kò kan takisí àti Uber. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin náà sọ gan-an.

Òfin ìrìnnà Florida, ní abala 316.613, sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà nínú àga ọmọdé tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún náà gbọ́dọ̀ ní àga, tàbí, ó kéré tán, tìmùtìmù líle tó ń gbé ọmọ sókè kí bẹ́líìtì ọkọ̀ lè gba orí àyà rẹ̀ kọjá dípò ọrùn. Láti oṣù Kìíní ọdún 2015 ni wọ́n ti fi tìpátìpá mú àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún wọ̀ ọ́. Ṣáájú ìgbà náà, bẹ́líìtì lásán tó fún wọn. Ẹni tó bá rú òfin yìí yóò san ìtanràn dọ́là 60, owó ilé ẹjọ́ á tún wà lórí rẹ̀, wọn yóò sì kọ àmì mẹ́ta sí ìwé ìwakọ̀ rẹ̀.

Nínú ìdílé tiwa, ó túmọ̀ sí pé àbíkẹ́yìn gbọ́dọ̀ ní àga, ọmọ ọdún mẹ́rin gbọ́dọ̀ ní àga tàbí tìmùtìmù, ọmọ ọdún méje sì lè lo bẹ́líìtì bíi ti àgbà lójú òfin.

Ibi tí àríyànjiyàn ti wá nìyí. Òfin kan náà yọ takisí àti ọkọ̀ háyà tó ní awakọ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé òfin kò kan Uber kò purọ́ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í ka gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, èyí tó sọ pé ojúṣe òbí, alágbàtọ́, tàbí ẹni tí ọmọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni láti mú ohun tí òfin béèrè ṣẹ. Ní kúkúrú, òfin gbé ẹrù náà kúrò lórí dírẹ́bà, ó sì gbé e ru òbí. Kò sọ pé kí ẹrù náà wà nílẹ̀.

Àyọsílẹ̀ kejì wà tó kan àǹtí tàbí ọ̀rẹ́ tó ń gbé ní Orlando tó sọ pé òun á wá gbé yín. Bí ẹni náà kò bá sí lára ìdílé ọmọ gan-an, tí kò sì gba owó, ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lè lo bẹ́líìtì nìkan. Àyọsílẹ̀ yìí kò kan àbíkẹ́yìn. Ọmọ ọdún kan àbọ̀ gbọ́dọ̀ ní àga nínú ọkọ̀ àǹtí, bó ti wù kí àǹtí náà fẹ́ràn yín tó.

Ẹ tiẹ̀ gbé òfin tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ọkọ̀ tó ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan bá fi orí sọ nǹkan, agbára tó ń ti ọmọ síwájú máa ń tó ìlọ́po ogún ìwúwo rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó wọn kílò mẹ́wàá yóò wúwo bíi kílò igba ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin nìyẹn. Kò sí apá ìyá tó lè dì í mú. Ojú títì tó ti pápákọ̀ òfuurufú Orlando wá sí Disney sì jẹ́ ibi tí ọkọ̀ ti ń sáré ju 50 lọ dáadáa.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ láti London, ọ̀rọ̀ méjì wà fún yín níbí. Àkọ́kọ́, ní Britain, òfin gbà pé bí takisí kò bá ní àga ọmọdé, ọmọ lè jókòó sẹ́yìn láìsí i. Ẹ má gbé àṣà yẹn dání wá sí Florida. Èkejì, òfin Florida béèrè fún àga tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí. Àga tí ẹ rà ní Peckham lè dára gan-an, ṣùgbọ́n ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù tàbí ti Britain ni wọ́n fi dán an wò. Kò ní àmì Amẹ́ríkà lára. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Houston tàbí Atlanta tí ẹ jọ fẹ́ pàdé níbẹ̀, tirẹ̀ ni kó gbé wá. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í gba owó lórí àga ọmọdé. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì wà ní Orlando tó ń yá ènìyàn ní àga àti kẹ̀kẹ́ ọmọ, tí wọ́n á gbé e wá bá yín ní hòtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ìyẹn kò yanjú ìrìn àkọ́kọ́ láti pápákọ̀ òfuurufú, àfi bí ẹ bá bá wọn ṣètò rẹ̀ ṣáájú.

Uber àti Lyft

Àwọn wọ̀nyí ló máa ń jáde ní olówó pọ́ọ́kú jù lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí iye owó náà kò sọ.

Ọkọ̀ kékeré, UberX, èrò mẹ́rin ló ń gbé. Ọmọ ọwọ́ náà jẹ́ èrò kan. Dírẹ́bà kò ní gbà kí ẹ gbé e lé itan kí iye lè pé. UberXL ń gbé mẹ́fà, èyí tó bá ìdílé wa mu, ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn mẹ́fà bá jókòó tán, ibi tó kù lẹ́yìn lè má gba àpótí mẹ́rin àti kẹ̀kẹ́ ọmọ. Bí kò bá gbà á, ọkọ̀ méjì ni ẹ ó pè, iye tí ẹ rí tẹ́lẹ̀ á sì di ìlọ́po méjì.

Àga ọmọdé kì í sí nínú wọn. Uber ní irú ọkọ̀ kan tó ń gbé àga wá ní àwọn ìlú kan, àga kan ṣoṣo sì ni sábà, nígbà tí ìdílé wa nílò méjì. Ẹ má gbára lé e. Dírẹ́bà sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ yín bí ó bá rí ọmọ tí kò ní àga. Ẹ fojú inú wò ó ní agogo mọ́kànlá alẹ́.

Iye owó wọn kì í dúró sójú kan. Nígbà tí iná aláràbarà bá parí ní Magic Kingdom, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn bá jọ tẹ fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó jẹ́ dọ́là mẹ́wàá lọ́sàn-án lè gòkè fíofío. Ẹ jókòó, ẹ ra àísìkirimù fún àwọn ọmọ, ẹ dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú; ó sábà máa ń wálẹ̀.

Ibi tí wọ́n máa já yín sí tún ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Ní EPCOT, Hollywood Studios àti Animal Kingdom, Uber àti Lyft máa ń já èrò sí tòsí ẹnu ọ̀nà. Magic Kingdom kò rí bẹ́ẹ̀. Ibùdó kan tó ń jẹ́ Transportation and Ticket Center ni wọ́n ń já yín sí, ní òdìkejì adágún omi. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti gba ibi àyẹ̀wò kọjá, kí ẹ tó wọ Monorail tàbí ọkọ̀ ojú omi ńlá lọ sí ẹnu ọ̀nà ọgbà gan-an. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, ẹ kò sì ní láti ká kẹ̀kẹ́ ọmọ kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àkókò ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpadàbọ̀ alẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rin ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì Contemporary, ìrìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n tó pe ọkọ̀ níbẹ̀.

Minnie Van: ọkọ̀ pupa onítòótòó

Ọkọ̀ pupa tó ní tòótòó funfun lára ni, òṣìṣẹ́ Disney ló ń wà á, orí áàpù Lyft ni ẹ ó sì ti pè é. Oṣù Keje ọdún 2017 ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá a dúró nígbà àrùn kòrónà ní 2020, ó sì padà ní oṣù Kẹfà ọdún 2022.

Èrò mẹ́fà ló ń gbé, àga ọmọdé méjì sì wà nínú rẹ̀ láìsan owó kún un. Ìdílé wa gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó tún ń já èrò sí tòsí ẹnu ọ̀nà Magic Kingdom, níbi tí bọ́ọ̀sì Disney ń dúró sí, dípò òdìkejì adágún omi. Bí ẹnìkan nínú yín bá ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlera, ẹ lè béèrè fún èyí tó ní ààyè fún un.

Ó wọ́n ju Uber lọ. Ibi tí ìròyìn àtijọ́ tún ti ń tan ènìyàn jẹ nìyí: ẹ ó rí i kà káàkiri pé dọ́là 20 gbáko ni, ibi yòówù kí ẹ ń lọ. Òótọ́ ni ní 2017. Lẹ́yìn náà ó di 25, ní 2018 wọ́n sì yí i padà pátápátá: bí ibi tí ẹ ń lọ bá ṣe jìnnà tó ni iye rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ wo iye orí áàpù kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ní tèmi, mi ò ní wọ Minnie Van lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n fún àárọ̀ Magic Kingdom pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ àti ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, mo rí ìdí tí ènìyàn fi lè san àfikún náà.

Ọkọ̀ tí ẹ bá ilé-iṣẹ́ háyà ṣètò ṣáájú

Èyí ni ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń ti Nàìjíríà lọ kì í gbọ́ nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló bá ìrìn pápákọ̀ òfuurufú mu jù. Ẹ ó bá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ háyà kan ní Orlando sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ẹ ó sọ iye ènìyàn, iye àpótí, àti ọjọ́ orí àwọn ọmọ. Wọ́n á sọ iye kan tí kò ní yí padà, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ìbáà wà tàbí kó má sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi àga ọmọdé sínú ọkọ̀ láìgba owó lé e, bí ẹ bá ti béèrè ṣáájú. Àwọn kan á tún dúró ní ilé ìtajà kan lójú ọ̀nà kí ẹ ra omi, wàrà àti ìlédìí ọmọ, èyí tó wọ́n gan-an ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Bí wọ́n bá sọ iye kan, ẹ bi wọ́n bóyá owó tóògéètì àti owó ìdúpẹ́ dírẹ́bà wà nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń retí kí ẹ fún dírẹ́bà ní nǹkan bí dọ́là 15 sí 20 lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bóyá inú yín dùn. Ara iye ìrìn náà ni wọ́n kà á sí.

Takisí tó ní mítà náà wà ní pápákọ̀ òfuurufú, lórí ìlà tirẹ̀. Ẹ lọ síbi ìlà náà fúnra yín. Ẹni tó bá wá bá yín nínú gbọ̀ngàn, tó ń sọ pé “Disney? Disney?”, tó ti fẹ́ gba àpótí lọ́wọ́ ìyá àgbà, ẹ má tẹ̀ lé e. Ìyẹn kò yàtọ̀ sí ti Ìkẹjà.

Àwọn kan máa ń da èyí pọ̀ mọ́ “VIP tour” ti Disney. Nǹkan mìíràn nìyẹn. Nínú tiyẹn, òṣìṣẹ́ Disney kan yóò mú yín káàkiri ọgbà, yóò sì fi ọkọ̀ gbé yín láti ọgbà kan sí èkejì. Kì í dín ní dọ́là 450 fún wákàtí kan, wákàtí méje sì ni ó kéré jù tí ẹ lè gbà. Ó ti lé ní 3,000 dọ́là kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà. Ènìyàn mẹ́wàá lè pín in, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pè é ní ọkọ̀ háyà.

Kí ẹ yá mọ́tò wà fúnra yín ńkọ́?

Florida gbà kí àlejò fi ìwé ìwakọ̀ ìlú rẹ̀ wa ọkọ̀. Ní 2013, wọ́n ṣe òfin kan tó béèrè fún ìwé ìwakọ̀ àgbáyé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi yí i padà. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ yá mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ lè béèrè fún un, nítorí náà ẹ bi wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń wa ọkọ̀ gbà bíi ti Nàìjíríà, tó ti ń lo ọwọ́ ọ̀tún láti ọdún 1972. Ẹ̀yin ará London ló máa ṣọ́ra.

Ìnáwó rẹ̀ kò tán síbi owó mọ́tò. Tóògéètì wà lórí àwọn títì tó lọ sí Disney, wọn kì í sì gba owó lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń ya nọ́ḿbà ọkọ̀, ilé-iṣẹ́ tó yá yín ní mọ́tò á sì fi owó tirẹ̀ lé e. Àmì kan wà tí wọ́n ń fún àlejò lọ́fẹ̀ẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú Orlando, Visitor Toll Pass, tí ẹ ó so mọ́ dígí ọkọ̀, tí ẹ ó sì dá padà bí ẹ bá ń lọ. Owó tóògéètì gan-an nìkan ni ẹ ó san. Owó ìgbọ́kọ̀sí ní àwọn ọgbà tún wà: ní 2023, wọ́n gbé e láti dọ́là 25 sí 30 lójúmọ́. Ẹni tó bá gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì Disney kì í san án, láti oṣù Kìíní ọdún 2023 sì ni gbígbé ọkọ̀ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì wọn ti padà di ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó wà níta, ọjọ́ márùn-ún ti di dọ́là 150 lórí ìgbọ́kọ̀sí nìkan. Bí ẹ bá wa ọkọ̀ lọ sí Magic Kingdom, òdìkejì adágún omi kan náà ni ẹ ó gbé e sí.

Mọ́tò yíyá dára fún ìdílé tó fẹ́ ṣàbẹ̀wò sí ẹbí ní ìlú míì, tàbí tó fẹ́ lọ sí àwọn ọgbà Universal náà. Àwọn wọ̀nyẹn kì í ṣe ti Disney, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ Disney kì í sì í dé ibẹ̀.

Káàdì, kì í ṣe owó ọwọ́

Bolt tí a mọ̀ l'Ékòó kò ṣiṣẹ́ ní Orlando. Uber tí ẹ ti ní lórí fóònù yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má retí kí dírẹ́bà bi yín bóyá owó ọwọ́ ni tàbí tiransifáà, bí wọ́n ti ń ṣe nílé. Káàdì ló ń gba owó. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì ní Nàìjíríà dá lílo káàdì náírà lókè òkun dúró, àwọn kan sì ti dá a padà lẹ́yìn náà; ẹ béèrè lọ́wọ́ báǹkì yín iye tí wọ́n gbà yín láyè láti ná lóṣù, kí ẹ sì dán káàdì náà wò kí ẹ tó kúrò nílé. Àwọn tó ń yá ènìyàn ní mọ́tò tún máa ń ti owó kan mọ́ orí káàdì títí ẹ ó fi dá ọkọ̀ padà, àwọn mìíràn kì í sì í gba irú káàdì tó ń fa owó tààrà látinú àkáǹtì.

Nígbà tí ọkọ̀ bá dé, ẹ wo nọ́ḿbà rẹ̀, irú mọ́tò náà àti ojú dírẹ́bà, kí wọ́n bá ti orí fóònù mu. Ẹ jẹ́ kí dírẹ́bà kọ́kọ́ pe orúkọ yín. Ẹ má ṣe ẹ̀yin tí ẹ ó pè é fún un. Uber ní nọ́ḿbà ìkọ̀kọ̀ kan tí ẹ lè tàn sílẹ̀ nínú áàpù, tí dírẹ́bà gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ yín kí ìrìn tó lè bẹ̀rẹ̀.

Fún ìdílé wa, bí yóò ti rí nìyí. Ọkọ̀ háyà tí wọ́n ti bá sọ̀rọ̀ láti ilé, pẹ̀lú àga kan àti tìmùtìmù kan, yóò máa dúró dè wọ́n ní pápákọ̀ òfuurufú. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ni wọ́n ó máa wọ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Wọ́n á pe Minnie Van ní àárọ̀ Magic Kingdom, bóyá ní alẹ́ kan tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Àkókò tí wọ́n bá fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ háyà náà ni kí wọ́n ti kọ ọjọ́ àti aago ìpadàbọ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ḿbà ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n fẹ́ wọ̀, nítorí pé dírẹ́bà ní láti mọ ilé èrò tí yóò já wọn sí ní pápákọ̀ náà.